Bí Ẹgbẹ́ Yín Ṣe Lè Dúró Ti Òbí Kí Ọmọ Má Baà Jìyà

Ọdún tí ẹgbẹ́ wa n'Íbàdàn kọ́kọ́ dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọdé, ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń ṣe náà la ṣe. A háyà kánópì mẹ́ta, a tẹ ọ̀rọ̀ sára aṣọ, a pe lọ́yà kan wá sọ̀rọ̀, a pín ìwé fún ọmọ iléèwé, a ya fọ́tò. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ni, 27 oṣù Karùn-ún. Bí a ṣe ń tú kánópì, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà bi mí pé, "Àwọn tí ẹ tìtorí wọn wá dà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Àwọn tó jókòó sábẹ́ kánópì kò ju àwa fúnra wa lọ, àti àwọn tíṣà tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n wá. Ìyá tó ń fi bẹ́líìtì na ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ wà lọ́jà. Bàbá tí kò rí owó oṣù gbà láti oṣù mẹ́ta wà ní gáréèjì.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe ayẹyẹ kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Ẹgbẹ́ yín lè jẹ́ Rotary, Lions tàbí Inner Wheel. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ ṣe lè dúró ti òbí díẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún ọdún kan, kí ìbínú àgbà má baà di ọgbẹ́ lára ọmọ.

Àwa kọ́ la dá ìlànà náà sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Exchange Club. Ìlú Detroit ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1911. Nígbà tó di 1979, àpapọ̀ wọn mú ìdènà ìfìyàjẹ ọmọdé bí iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀ka wọn jọ máa gbé. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọn ò dáwó lásán. Wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sì ń rán wọn lọ sílé òbí tí ọ̀rọ̀ ti sú. Àlejò yẹn kì í lọ ṣe ọlọ́pàá. Ńṣe ló ń lọ jókòó ti òbí.

Ká sòótọ́, àwọn baba wa ti mọ èyí kí Detroit tó mọ̀ ọ́n: ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé ni igba ojú yẹn wà. Ìyá tó háyà yàrá kan ní Òjòó tàbí ní Ìkòròdú, tí ìyá tirẹ̀ wà ní Ìṣẹ́yìn, ojú méjì péré ló ní, oorun sì wà nínú méjèèjì.

Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn, UNICEF àti CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló ń fojú winá ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18: lílù, ọ̀rọ̀ tó ń pa ọkàn, tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá. Lójú tèmi, iye yẹn ti pọ̀ ju ohun tí a lè kó lé àwọn òbí burúkú lórí. Òbí tó ti rẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, àwọn yẹn sì ni ẹgbẹ́ lè ràn lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú àdúgbò kan ṣoṣo

Ẹ má sọ pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa ṣe. Òbí mẹ́wàá ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ogójì èèyàn, mẹ́jọ ló máa dúró délẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti ń rí òbí kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ ni ilé ìwòsàn àdúgbò, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń gbà nígbà ìbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ni wọ́n máa ń gbé ọmọ padà wá. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn dáadáa. Ẹkún ọmọ ọwọ́ máa ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ kejì, àárín oṣù kejì ló sì máa ń le jù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá kò tíì sun oorun àsùnwọra láti ìgbà tó ti bímọ. Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ ṣàlàyé ara yín, ẹ ní kó fún yín ní bẹ́ǹṣì kan níbi tí àwọn ìyá ti ń dúró de nọ́ńbà wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ rí báálẹ̀ àti Ìyálọ́jà. Bí ẹ kò bá lọ kí wọn, wọn á ní ẹ ń ṣòṣèlú ni.

Ẹ ṣọ́ orúkọ tí ẹ máa sọ ètò náà. Tí ẹ bá ní ti àwọn tó ń fìyà jẹ ọmọ ni, ẹyọ ẹnì kan ò ní yọjú. Tiwa la pè ní Alábàárò Òbí, èèyàn sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń fẹ́ alábàárò.

Yíyan alábàárò

Ibí yìí ni kí ẹ ti lọ́ra jù. Àwọn tó ń wá ọmọ tí wọ́n máa bàjẹ́ mọ̀ pé irú ètò báyìí ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nílẹ̀ wa, ọ̀wọ̀ ló máa ń dí wa lójú. Olóyè ni. Díákónì ni. Alhaji ni. Ó ti ń dáwó fún ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó lọ mú oníduuro wá?

Ohun tí a ṣe ni pé alága wa ló kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù. Ó mú oníduuro méjì wá tí wọn kì í ṣe ìbátan rẹ̀, ó fọwọ́ sí àdéhùn, ó ní kí akọ̀wé kà á sókè nínú ìpàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó lè sọ pé fọ́ọ̀mù náà rẹ òun sílẹ̀. Ẹnì kan yọwọ́. A ò bi í ní ìdí.

Àdéhùn wa kò gùn:

- Alábàárò kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú òbí kò tó.
- Kì í mú ọmọ lọ sílé ara rẹ̀, ì báà ṣe ọ̀sán kan péré.
- Kì í ya ọmọ ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ilé onílé kì í dé orí WhatsApp ẹgbẹ́.
- Kì í fún ọmọ lówó tàbí ẹ̀bùn lẹ́yìn òbí.

Ẹ má rò pé ẹni tó kàwé jù ló máa ṣe é dáadáa jù. Nínú tiwa, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì àti télọ̀ kan tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àwọn tó nira láti kọ́ ni tíṣà àti pásítọ̀, nítorí ẹnu wọn kì í sinmi. (Tíṣà ni èmi náà.)

Kíkọ́ wọn

Sátidé méjì tó. Ẹ pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ wá, kí ẹ lè mọ ojú ara yín kí ọjọ́ ìṣòro tó dé. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di òfin tiwọn; ọdún 2007 ni ti Èkó. Ohun tó yẹ kí wọ́n dì mú kò pọ̀: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò lè sọ pé ọmọ náà gbà. Lílo ọmọ láti kiri ọjà tàbí láti ṣagbe lójú pópó lòdì sófin.

Ìyókù àkókò, ẹ fi ṣeré ìtàgé. Kí ẹnì kan ṣe ìyá tí inú ń bí, kí ẹnì kejì kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìbẹ̀wò

Ẹ bi òbí léèrè ọjọ́ àti wákàtí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ló ti fẹ́ kí ẹ wá bá òun, ìsọ̀ ni kí ẹ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mú ìwé dání, ẹ má sì wọ aṣọ ẹgbẹ́. Gbogbo àdúgbò ló máa fẹ́ mọ ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ mú ọwọ́ dání.

Ìyá kan wà tí mo máa pè ní Ìyá Ìbejì. (Mo ti yí ohun tó lè tú u fó padà, òun náà sì mọ̀ pé mò ń kọ ọ́.) Nígbà tí alábàárò rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn, kọ́kọ́ débẹ̀, ó bá a nídìí ọpọ́n aṣọ.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá Ìbejì."

"Òo, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wo ilé o."

"Ilé wo? Ẹ gbé èyí tí ẹ ti fún wá, kí n bá yín sá a."

Wọ́n ti sá aṣọ dé ìdajì kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun gbá Kẹ́hìndé lẹ́nu lálẹ́ àná títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, pé ọmọ náà da gàrí tó kù nílé nù. Nọ́ọ̀sì náà kò ké "Háà!" Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọmọ, ó rí i pé ètè ló bẹ́, pé eyín wà ní pípé. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Gàrí tó kù nílé? Kí lẹ wá jẹ sùn?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú síta. Ọkọ ti lọ sí Kùtọnu láti oṣù mẹ́rin, kò pè. Owó ilé ti kọjá. Ìyá Ìbejì ní òun mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dáa. Pé bí òun bá ti nà wọ́n tán, òun náà máa ń sunkún. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò dáa, ẹ má tún sọ fún un. Ẹ bá a wá ọ̀nà àbáyọ.

Ọ̀nà tí a fi ń wá a ni pé a máa ń bi òbí pé wákàtí wo lójúmọ́ ni ọwọ́ máa ń yá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ti Ìyá Ìbejì jẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́: ó ti ọjà dé, ebi ń pa àwọn ọmọ, iná ọba ti lọ, sítóòfù kan ló wà. Nítorí náà, aago mẹ́fà la bá jà. Ìyàwó kan tó wà ní yàrá òdìkejì gbà láti máa mú àwọn ìbejì sọ́dọ̀ fún wákàtí kan, òun náà á sì máa fi ọmọ tirẹ̀ ti Ìyá Ìbejì ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ á ti wà nílẹ̀ kí wọ́n jẹ kí oúnjẹ tó jinná. Nǹkan kékeré ni. Ó gba wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí i ṣe.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé nílé kankan. Ẹ má bèèrè pé, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Ẹ bèèrè pé, "Ọmọ mélòó ló ń sùn nílé yìí?" Ìdáhùn kejì ló máa ń mú ọmọ ọ̀dọ̀ jáde, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n mú wá láti abúlé, àti ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́. Àwọn yẹn ni ìyà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òbí

Fún ìyá ọmọ ọwọ́, ẹ sọ èyí títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ọmọ tó ń ké kò ṣàìgbọràn. Kó wò ó bóyá ebi ni, bóyá ó tọ̀, bóyá ara rẹ̀ gbóná. Bí ara bá gbóná, ilé ìwòsàn ni. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, tí ẹkún kò sì dá, tí ọkàn ìyá ti ń ru, kó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ̀yìn ọmọ nílẹ̀, ojú rẹ̀ sókè, níbi tí kò ti lè jábọ́, kó jáde síta, kó mí, kó padà wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹkún kì í pa ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbo ọmọ jìgìjìgì láé: ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, ọpọlọ rẹ̀ á máa gbá mọ́ agbárí, ẹ̀jẹ̀ á ya sínú orí. Ó lè fọ́jú. Ó lè kú. Kí bàbá náà gbọ́ èyí, àti ẹni tó ń bá wọn gbé ọmọ.

Ní ti àwọn ọmọ tó ti ń rìn, ẹ̀ ń bọ̀ wá bá àríyànjiyàn. Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n na àwọn náà, pé òun ló sọ àwọn dèèyàn. Ẹ má bá wọn jà á. Òwe tí wọ́n máa fi gbe ara wọn lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbà lẹ́nu wọn: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ẹ bi wọ́n pé ọwọ́ òsì ńkọ́? Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn?

Ọwọ́ òsì yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tí ọmọ máa fi ní ìyá tàbí bàbá rẹ̀ fún ara rẹ̀, fóònù nílẹ̀, kí ọmọ yan eré. Kí wọ́n máa ki ọmọ ní oríkì rẹ̀ láàárọ̀, pàápàá ọmọ tó máa ń gba ìbáwí jù. Èyí jẹ́ ohun tí àwa ní tí àwọn ará Detroit kò ní, mo sì ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó na ẹ̀yìn ró nítorí pé bàbá rẹ̀ pè é ní Àkànní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìkómọ.

Ìgbà yẹn ni òbí máa ń gbọ́ nípa ọwọ́ ọ̀tún: kó sọ ohun tó fẹ́ kí ọmọ ṣe dípò kó máa pariwo "má", kó gba ohun tí ọmọ fẹ́ràn fún ìrọ̀lẹ́ kan, kó dúró títí ìbínú á fi lọ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ata lójú, áyọ́ọ̀nù gbígbóná, fífi oúnjẹ du ọmọ, ìkúnlẹ̀ lóòrùn, ẹ sọ gbangba pé kò sí èyí tó jẹ́ ìbáwí níbẹ̀.

Lórí ọmọ tó ń kiri píọ̀ wọ́tà, ẹ gbé kálámù kí ẹ bá ìyá ṣe ìṣirò. Èló ló ń mú wálé? Kí ni owó náà ń ṣe? Bó bá jẹ́ owó iléèwé ló ń dí, ẹgbẹ́ lè wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kí ẹ fà á wọ àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹni tó bá ní kó má rán ọmọ jáde mọ́, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́, kó jókòó sílé rẹ̀.

Àwọn bàbá

Wọn kì í wá. Ẹ lọ bá wọn: ìsọ̀ mẹkáníìkì, gáréèjì, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin ni kó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tí a kì í gbò jìgìjìgì sì dára láti fi bẹ̀rẹ̀ nítorí kò sí ẹni tó máa jiyàn lórí rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ẹgbẹ́ mọ

Ẹ sọ fún òbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ máa pa àṣírí rẹ̀ mọ́, àfi ohun kan: bí ẹ̀mí tàbí ara ọmọ bá wà nínú ewu, ẹ máa sọ ọ́ síta. Kó má di ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ kó tó gbọ́.

Ọmọ tí wọ́n bá lò pọ̀, ọmọ tí wọ́n fi iná jó, tí egungun rẹ̀ kán, tí wọ́n ń febi pa, òbí tó ń sọ pé òun á pa á: alábàárò kò gbọdọ̀ jókòó rò ó. Ọjọ́ náà gan-an ló máa sọ fún olùdarí ètò, ọjọ́ náà sì ni olùdarí máa lọ sọ́dọ̀ wẹ́fíà tàbí ọlọ́pàá. L'Ékòó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, DSVA, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 08000 333 333. Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà láti 2013. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ní 627. Nọ́ńbà yòówù kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pè é fúnra yín, kí ẹ sì tún máa pè é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ìbálòpọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Ẹ má wẹ ọmọ náà. Aṣọ tó wọ̀, inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, ẹ má lo ọ̀rá. Ẹ má máa bi ọmọ ní ìbéèrè lérí ìbéèrè. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́ àti pé kò jẹ̀bi, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbààgbà á ti dé. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín gan-an ló máa wá bẹ̀bẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ṣáájú àkókò pé ẹgbẹ́ kò ní í parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nílé, pé olùdarí ètò kò ní láti gba àṣẹ alága kó tó lọ fẹjọ́ sùn. Ọjọ́ tí a fẹ́ kọ ọ́, àríyànjiyàn rẹ̀ gba wákàtí méjì. Ó sàn kó jẹ́ ọjọ́ yẹn.

Owó àti ìwé

Owó ọkọ̀, owó káàdì fóònù, oúnjẹ ọ̀sán Sátidé méjì, ìwé àkọsílẹ̀: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kánópì àti aṣọ ọdún kìíní yẹn ì bá gbé alábàárò mẹ́jọ kiri fún oṣù mẹ́rin. Alábàárò kì í fún òbí lówó láti àpò ara rẹ̀. Bí ebi bá wọlé, ìgbìmọ̀ ló máa gbé oúnjẹ lọ, kí ìbẹ̀wò má baà di ohun tí wọ́n ń retí owó nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn alábàárò jókòó papọ̀ láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí wọ́n tú ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ. Ẹni tí kò bá rí ibi tú u sí, oṣù kẹta ló máa sá.

Nọ́ńbà la fi ń kọ ìwé wa, a kì í kọ orúkọ, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ wà. A ń kọ ọjọ́ tí a lọ, ohun tí òbí ní òun fẹ́ gbìyànjú, àti bóyá ó rí i ṣe. Bí òbí bá ní ó tó báyìí, tí kò sì sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀ tó máa gba àkọsílẹ̀, a máa ń dá ojú ìwé rẹ̀ padà fún un. Ìyá Ìbejì ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín sí ibi tí a kọ "gàrí" sí, ó sì kó o sábẹ́ ìkòkò, ó fi dáná.